Awọ Àpò Ìwé ní Igun Àgọ́

Ilé tó jẹ́ pé àgọ́ rírán ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀, òun náà ló múra láti lọ háyà àgọ́ fún ìgbéyàwó ọmọ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni baálé ilé náà ti ń rán kánfáàsì, tó ń ki okùn bọ ojú ihò onírin, tó ń gbẹ́ èèkàn. Alágọ̀ọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àwọn ọmọdé ibẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé yẹn, wọ́n ti gbé kóòtù lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó yára, àwọn àna ti ń dúró.

Alágọ̀ọ́ ò bínú. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni. Ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló ní kí ìdílé méjèèjì jọ lọ wo oríṣi àgọ́ tó wà níta, kí wọ́n yan èyí tó bá pápá ìgbéyàwó mu. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọn á wò ó, wọn á yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá wá kan ibi tí wọ́n ti fẹ́ sanwó, òun á kàn sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé kí wọ́n má ṣèyọnu, àgọ́ ti wà nílé.

Àgọ́ sì wà nílé lóòótọ́, bó ṣe mọ̀. Ọdún méje ló fi rán an, lẹ́yìn iṣẹ́, láti ara kánfáàsì funfun tó ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ oníṣẹ́ tí wọ́n ní kó máa mú lọ. Olópòó-méjì ni: òrùlé á gòkè lẹ́ẹ̀mejì, á wá rọra sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló fi awọ lẹ̀ kí okùn má baà fà á ya, awọ náà kì í sì í ṣe awọ ọjà. Àpò ìwé tí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé lọ sílé-ìwé ló tú, ló gé sọ́nà mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ní ibi tí ọmọ náà da íǹkì sí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kọ orúkọ ara rẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Akọ̀wé. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí ọkùnrin yìí ń fẹ́ láyé ni kí Akọ̀wé rẹ̀ ṣègbéyàwó lábẹ́ àgọ́ yẹn. Kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Ó yà sí yàrá ìkẹ́rùsí kó tó wọ kóòtù. Àpò ńlá náà wà níbi tó máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdì èèkàn. Ó fọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́. Ó le, ó kún.

"Ẹ fi àpò yẹn sílẹ̀, Dádì," ni ìyàwó rẹ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni obìnrin náà, irin ìlọṣọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Eruku á ba aṣọ yín jẹ́."

"Mo kàn ní kí n kí i ni."

Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín. Ó padà sídìí aṣọ tó ń lọ̀.

Lórí tábìlì, búrẹ́dì wà, tíì wà, ẹyin díndín wà. Akọ̀wé ò fẹnu kan nǹkan kan. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ sí èèyàn lára, láti ìgbà tó sì ti débẹ̀ ni kò ti fẹ́ kí bàbá rẹ̀ wá mú un ní ẹnu géètì mọ́. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ń wò. Ìda tí wọ́n fi ń pa òwú ti wọ abẹ́ èékánná, kò sí ọṣẹ tó lè yọ ọ́ tán.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìka yín fọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti fọ̀ ọ́. Tó bá tún kù, ẹran ara mi nìyẹn."

"Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, tá a bá débẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀ àgọ́ púpọ̀."

Alágọ̀ọ́ gbé ife tíì sílẹ̀. "Níbi tí wọ́n ti ń háyà àgọ́? Kí n wá máa sọ̀rọ̀ kí ni, ọ̀rọ̀ ẹja?"

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ń tú ìrépé ẹyin ká nínú àwo, ọmọ rẹ̀ dìde lọ wá bàtà. Ó rò pé àárẹ̀ ìgbéyàwó ni. Ẹni tó fọkàn tán ará ilé rẹ̀ kì í wojú wọn púpọ̀, òun náà ò wò wọ́n.

Ní iwájú ilé, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ilé kejì, ń gbálẹ̀. Obìnrin náà kì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà nígbà tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní kò sí àìsàn tó ń bò fún èèyàn.

"Alágọ̀ọ́, kóòtù yìí bá yín mu o," ló ní. "Àgọ́ yín ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbé e padà níbi tí wọ́n gbé e lọ sá sóòrùn?"

"Àgọ́ wo? Àgọ́ mi ń sùn nínú ilé."

"Áà. Mo ṣe bí mo rí àbúrò ìyàwó yín tó ń dì í sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ síbi iṣẹ́..."

"Ọkọ̀ ń dúró," ni ìyàwó Alágọ̀ọ́ wí, ó sì di ọkọ rẹ̀ lápá mú. Nọ́ọ̀sì wo obìnrin náà. Ó wo ọmọ. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Àgbàlá oníháyà wà lẹ́yìn ojú ọ̀nà ńlá, ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n ta oríṣiríṣi àgọ́ sí kí oníbàárà lè wọ abẹ́ wọn wò. Ìyá ọkọ ti débẹ̀ ṣáájú, obìnrin tó ga, tó ń wo nǹkan fínnífínní bí ẹni tó ṣì ń ṣàyẹ̀wò kíláàsì. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ẹnjiníà."

Alágọ̀ọ́ yíjú wo ẹ̀yìn, kó lè yà fún ẹni tí wọ́n ń kí. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ó kàn rí i pé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ fún òun mọ́ lápá.

"Ọmọ yín kì í yé sọ̀rọ̀ àwọn afárá tẹ́ ẹ kọ́," ni ìyá ọkọ ń bá a lọ. "Mo ti ń sọ ọ́ pé lọ́jọ́ kan, ẹ máa mú wa lọ wo ọ̀kan."

Afárá kan ṣoṣo tí Alágọ̀ọ́ kọ́ rí ni pákó méjì tó gbé sórí gọ́tà iwájú ilé rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ọmọ ń rẹ́rìn-ín sí àna. Ṣé kí ó já ọmọ rẹ̀ nírọ́ lójú ìta? Ó gbé e mì.

"A dúpẹ́, mà," ló ní.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yan. Ọ̀gá àgbàlá, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré, kọ́kọ́ mú wọn lọ sábẹ́ àgọ́ onírọ́bà tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Òun ni Akọ̀wé fẹ́. "Èyí ni gbogbo èèyàn ń lò báyìí," ló ní. "Èèyàn á máa rí ojú ọ̀run." Alágọ̀ọ́ mọ̀ pé tó bá di aago méjì ọ̀sán, àlejò á fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kó má sọ̀rọ̀ àgọ́. Ìyá ọkọ ló fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀. "Ojú ọ̀run á máa rí àwa náà," ló wí, ó sì jáde.

Wọ́n wo onírin tí kò ní òpó láàrin, tó fẹ̀ dáadáa. Ìyá ọkọ ní ó dà bí ibi tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí. Wọ́n wo àwọn kékeré olórí ṣóńṣó tí wọ́n máa ń so pọ̀, ó ní òjò á gba àárín wọn wọlé. Àgọ́ kan wá wà ní ìpẹ̀kun àgbàlá, funfun, tó ga sókè níbi méjì, àmọ́ tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Obìnrin náà dúró.

"Èyí ńkọ́?"

Alágọ̀ọ́ ti rí i kí ó tó béèrè. Èèyàn lè ṣi ọmọ ẹlòmíràn mú ní ojú ọjà, kò lè ṣi ohun tó fi ọdún méje rán mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ìdí igun tó sún mọ́ ọn. Ó tẹ̀ ba, ó fi àtàǹpàkò nu eruku kúrò lára awọ. Íǹkì náà wà níbẹ̀.

Àpò tó gbá pẹ́pẹ́ láàárọ̀ ńkọ́? Kí ló wà nínú rẹ̀?

"Akọ̀wé," ló pè, ohùn rẹ̀ sì jẹ́jẹ́. "Wá wo awọ yìí. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Ọmọ náà wá. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó rí íǹkì náà. Bàbá rẹ̀ rí i pé ó rí i, nítorí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì fà á padà. Ìyá ọkọ ti ń bọ̀ lẹ́yìn wọn.

"Awọ ni, sà," ló ní.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò pe bàbá rẹ̀ ní sà rí. Èmi tí mò ń ròyìn yìí, inú mi ò tíì rọ̀ sí ọ̀rọ̀ yẹn. Àpò yẹn, bàbá tó rà á jẹun ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fún oṣù kan gbáko kí owó rẹ̀ tó pé.

Ìyá ọkọ fọwọ́ kan ojú ìránṣọ. "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ wo bó ṣe tò. Bíríkìlà ni bàbá mi, mo mọ iṣẹ́ tí èèyàn fi ọkàn ṣe tí mo bá rí i. Kí la tún ń wá kiri? Èyí ni kẹ́ ẹ fún wa. Ta ló rán an?"

Bíríkìlà. Akọ̀wé gbórí sókè bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ọdún méjì gbáko ló ti ń fi afárá bo bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọmọ bíríkìlà.

"Mà, ẹni tó rán an ti kú," ni ọ̀gá àgbàlá dáhùn. "Awakọ̀ kan ló tà á fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀kan tí eyín iwájú rẹ̀ jẹ́ wúrà. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló ni ín, ó ti dolóògbé. Ì bá wù mí kó wà láàyè o, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pàgọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n ti tú u, síbẹ̀ ó ń wọ́. Èèkàn rẹ̀ pàápàá, kò kó o wá, tiwa la fi dè é."

Awakọ̀ eléyín wúrà kan ṣoṣo ló wà tó ń pe Alágọ̀ọ́ ní ẹ̀gbọ́n: àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà fi ìdí ìborùn bo ẹnu.

Alágọ̀ọ́ rìn yí àgọ́ náà ká, ó ń ka okùn. Wọ́n so gbogbo wọn dọ́gba. Ta ló ní kí wọ́n so wọ́n dọ́gba? Òun mọ̀ọ́mọ̀ gé ti ẹ̀gbẹ́ kan kúrú ni, ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn á ti máa wá. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó tú okùn mẹ́ta, ó yí wọn lẹ́ẹ̀mejì mọ́ èèkàn, ó dá wọn padà sára ara wọn, ó fà. Àgọ́ náà nà tọ́ọ́. Òrùlé méjèèjì gòkè, ó sì dúró ṣinṣin.

Ọ̀gá àgbàlá la ẹnu sílẹ̀. "Sà, níbo lẹ ti kọ́ ọ?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ojú ọmọ rẹ̀ ni Alágọ̀ọ́ ń wò, ó sì ń dúró. Gbólóhùn kan péré ló fẹ́, kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀, kò fẹ́ àlàyé. Àna ti fi ọ̀rọ̀ bíríkìlà yẹn ṣílẹ̀kùn fún ọmọ náà.

"Ẹnjiníà ni wọ́n," ni Akọ̀wé wí. "Wọ́n mọ bí nǹkan ṣe ń dúró."

Ìyá ọkọ rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni. Ó wá béèrè pé ta ló máa pàgọ́ náà lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó rán an ti kú.

"Mo mọ ẹnì kan," ni Alágọ̀ọ́ wí. "Màá sọ fún un. Ó máa wá."

Ìyàwó rẹ̀ tú ìdí ìborùn, ó yọ owó, ó ka ti ìdajì lé ọ̀gá àgbàlá lọ́wọ́. Owó náà ṣì wà nínú ọ̀rá tí àbúrò rẹ̀ fi máa ń gbé owó ọkọ̀. Ọ̀gá àgbàlá gbà á, kò sì mọ̀ pé owó tí òun fi ra àgọ́ ló ń padà bọ̀ wálé.

Nígbà tí wọ́n délé, Alágọ̀ọ́ gba yàrá ìkẹ́rùsí lọ tààrà, ó tú ẹnu àpò, ó dà á sílẹ̀. Aṣọ fèrèsé àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìbora àga tí ó ti gbó, tí wọ́n ká, tí wọ́n dì, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ kì mọ́lẹ̀ dáadáa. Wọ́n lọ̀ wọ́n pàápàá. Alágbàfọ̀ tó mọṣẹ́ ni ìyàwó rẹ̀.

"O lọ̀ ọ́," ló ní.

"Kí ni kí n ṣe?" Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn aṣọ náà padà. "Ọmọ sunkún mọ́ mi lọ́rùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní tẹ́ ẹ bá fi lè gbé àgọ́ yẹn wá, ẹ̀yin lẹ máa dúró tì í, ẹ máa sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀yin lẹ rán an."

"Ṣé èmi kọ́ ni?"

"Ẹ̀yin ni. Mo rò pé tó bá ti kọjá, ẹ ò ní..."

"Wọ́n pa mí. Àbúrò rẹ pa mí, ó tà mí, o tún gba owó rẹ̀."

"Mi ò ní kó sọ pé ẹ kú."

"Kí lo ní kó sọ?"

Obìnrin náà lọ gbé oúnjẹ wá, ìrẹsì àti ọbẹ̀ tó ti sè sílẹ̀ láàárọ̀, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó ṣí i. Alágọ̀ọ́ jókòó tì í nínú kóòtù rẹ̀. Òórùn ọbẹ̀ náà gba ilé kan. Láti ìta, wọ́n ń gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì tó ń bá aṣàtúnṣe bàtà iwájú ọ̀nà sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti sọ ọ́, òun mọ̀ pé kì í ṣe oòrùn ni wọ́n gbé e lọ sá sí. Aṣàtúnṣe bàtà ní kó rẹ ohùn sílẹ̀. Nígbà tí ọbẹ̀ ti dì lójú, oúnjẹ náà ṣì wà bó ṣe wà.

Akọ̀wé jáde láti yàrá. Ó ti bọ́ bàtà, ó ti nu ojú. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá rẹ̀, mo sì gbà pé àánú bàbá rẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó sọ.

"Dádì, ẹ má bínú sí mi. Mo ti sọ ọ́ jìnnà, mi ò mọ bí mo ṣe máa padà. Mo ti ronú sí i. Ẹ lè lọ pàgọ́ náà ní kùtùkùtù, kí àwọn àna tó dé. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ padà wálé wá wọ kóòtù. Kò sẹ́ni tó máa rí yín."

Kò sẹ́ni tó máa rí yín. Bàbá gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́ nínú ara rẹ̀.

"Màá pa á," ló ní nígbẹ̀yìn. "Kò ní wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá wà lábẹ́ àgọ́, ẹni tó pa á kì í kúrò nídìí okùn. Ìta ni mo máa wà."

"Dádì, ta ló wá máa fà mí lọ́wọ́ wọlé?"

Alágọ̀ọ́ dìde. Ó bọ́ kóòtù náà, ó gbọn èjìká rẹ̀ dáadáa, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga tó dìde lórí rẹ̀, ó sì yí àga náà kọjú sí ọmọ rẹ̀. Ó wọ yàrá ìkẹ́rùsí, ó gbé ìdì èèkàn àti ọ̀bẹ rẹ̀, ó jáde.

Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, lórí pákó méjì tó fi kọ́ afárá gọ́tà, ó ń gbẹ́ ẹnu èèkàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ odi, ó fẹ́ sọ nǹkan, ó gbé e mì, ó wá béèrè ohun tí kò lè bí ẹnikẹ́ni nínú.

"Alágọ̀ọ́, iṣẹ́ ti tún dé nìyẹn. Ta lẹ fẹ́ lọ pàgọ́ fún?"

Ìlẹ̀kùn ilé ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó fẹ́ èérún igi kúrò lára ọ̀bẹ.

"Ọmọ ẹnjiníà kan," ló ní.